Ẹ Dán Ẹsẹ̀ Méjèèjì Wò Kí Ẹ Tó Gbẹ́kẹ̀ Lé Téèpù

Lóde òní, ó ṣòro kéèyàn dé pápá básíkẹ́ẹ̀tì tàbí fọ́líbọ́ọ̀lù kó má bá ọ̀dọ́ tó wé téèpù mọ́ kókósẹ̀. Àwọn kan wé e nítorí pé ẹsẹ̀ wọn ti rọ́ rí. Àwọn mìíràn rí i lẹ́sẹ̀ àwọn ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì gbà pé yóò gbé àwọn sókè.

Béèyàn bá fẹ́ fò, ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló ń fa gìgísẹ̀ sókè, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló sì ń ti ilẹ̀ gbẹ̀yìn. Kókósẹ̀ ni gbogbo agbára yẹn ń gbà kọjá. Téèpù funfun tó le, tí kì í nà, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó má jẹ́ kí kókósẹ̀ yí kọjá ààlà. Bó ṣe ń dá yíyí dúró, ó lè dí títi ilẹ̀ náà lọ́wọ́ díẹ̀. Abájọ tí ìwádìí kan fi ń rí i pé fífò dínkù díẹ̀, tí òmíràn ò sì rí ìyàtọ̀ kankan. Aláwọ̀ mèremère tó ń nà ńkọ́, èyí tí Kenzo Kase, ará Japan, gbé jáde láàárín 1970 sí 1979, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn níbi Òlíńpíìkì Beijing ní 2008? Lẹ́sẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, kò fi nǹkan gidi kún fífò. Ẹni tó rà á torí kó lè fò ga, ọ̀ṣọ́ ló rà.

Mi ò ní kí ẹ sọ téèpù nù o. Ẹsẹ̀ tó ti rọ́ rí ló rọrùn jù kó tún rọ́, irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni téèpù sì ń ṣe lóore. Láti 1973 ni àwọn olùwádìí Garrick àti Requa ti fi èyí hàn láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà. Àmọ́ eré sísá àti òógùn ń tú téèpù náà. Láàárín 20 sí 30 ìṣẹ́jú, púpọ̀ nínú agbára tó fi di ẹsẹ̀ mú ti lọ.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé téèpù lè fi ọkàn ẹni balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ tí kò tíì sàn. Wíwú lè ti rọlẹ̀, kí ìrora ti lọ, síbẹ̀ kí ẹsẹ̀ ọ̀hún máa sá fún iṣẹ́, kí èkejì máa dá ẹrù rù nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá fò balẹ̀. Bí ẹ bá ti lè rìn, tẹ́ ẹ sì lè sáré díẹ̀ láìsí ìrora, ẹ tú téèpù, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ kan dúró sẹ́yìn ìlà, ẹ fi òun náà fò síwájú, kẹ́ ẹ sì balẹ̀ lórí rẹ̀ láì ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, láì fi èkejì kan ilẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ìlà dé gìgísẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tó jìn jù ni kẹ́ ẹ mú. Ká ní ẹsẹ̀ tó dá fò dé 150 sẹ̀ǹtímítà, tí èyí tó rọ́ dé 120, ìdá 80 nínú 100 ni. Ìdá 90 ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtọ́jú eléré ìdárayá ń retí, ìyẹn 135 sẹ̀ǹtímítà. Kí nọ́ńbà yẹn má tàn yín jẹ ṣá: ẹni tó ti jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dá náà á ti rọ̀.

Bí àlàfo bá wà, iṣẹ́ ló kàn. Ẹ máa fi ẹsẹ̀ tó rọ́ nìkan dúró nígbà tẹ́ ẹ bá ń fọ eyín. Bó bá ti rọrùn, ẹ pa ojú dé. Ẹ dúró sórí àtẹ̀gùn, kẹ́ ẹ máa gbé gìgísẹ̀ sókè sódò. Ẹ̀yin kóòṣì, ẹ fi irú iṣẹ́ yìí kún ìmúra ara kí eré tó bẹ̀rẹ̀, nítorí kíkọ́ ẹsẹ̀ láti dúró déédéé ń dín àtúnrọ́ kù, owó téèpù ò sì ní sí nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì máa wé e, ẹ má fún un jù. Bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá kú tipiri tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, ẹ tú u kíá. Ẹsẹ̀ tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́, tí ẹni tó ni ín ò lè fi gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, tàbí tí eegun kókósẹ̀ ń dùn ún béèyàn bá tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má wọ́ ọ, ẹ má wé e, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kí wọ́n ya X-ray rẹ̀.