Táìlì Kọ́ Ló Jẹ̀bi

Sí Olóòtú,

Ẹni tó kọ̀wé pé táìlì kò bá ilé Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù mu kò wo ìdí ọ̀rọ̀ dáadáa. Èyí tó pọ̀ jù nínú táìlì tó ń ṣí, ọwọ́ ẹni tó lẹ̀ ẹ́ ló ti bàjẹ́: sìmẹ́ńtì wà láàárín ẹ̀yìn táìlì nìkan, igun ṣófo.

Kí ilẹ̀ gbẹ, kí wọ́n gbá eruku rẹ̀, kí sìmẹ́ńtì kárí ẹ̀yìn táìlì. Kí wọ́n fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ láàárín táìlì, torí ooru a máa mú táìlì fẹ̀.

Iṣẹ́ tí a bá ṣe dáadáa a máa pẹ́: ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn baba wa to àpáàdì ní òòró sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ti lé ní 500 ọdún, òmíràn ṣì wà níbẹ̀.

Kí onílé fi owó onírin lu táìlì wò kó tó sanwó iṣẹ́ tán; èyí tó bá dún bí ohun tó ṣófo, kí wọ́n tún un lẹ̀.