Ẹ Má Na Ọmọ Tó Ń Fa Irun Orí Rẹ̀ Tu

 

Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín wa tí a kì í fẹ́ sọ síta. Ọmọ á jókòó ti ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á lọ sórí, á máa fa irun tu ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kó tó pẹ́, àárín orí ti pá. Àgbàlagbà náà ń ṣe é. Gèlè ni wọ́n fi ń bò ó.

Kí la máa ń ṣe? A ó nà án. A ó fá orí rẹ̀ kodoro. A ó ní ayé ló ń ṣe é, owó ọjà á sì bá ètùtù lọ. Lójú tiwa, èyí kò tọ̀nà rárá.

Àìsàn ni. Dókítà ará Faransé kan, Hallopeau, ló sọ ọ́ ní trichotillomania ní ọdún 1889. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, ó lè tó ẹnì kan tàbí méjì tó ní in. Láàárín ọdún 10 sí 13 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe oríkunkun o! Bí ọkàn ọmọ bá dààmú, tàbí tí ìjókòó bá sú u, ọwọ́ á ti dórí kó tó mọ̀. Pàṣán á kàn tún dá kún ìdààmú náà ni.

Ẹ kọ́kọ́ fi orí náà han dókítà, torí làpálàpá tàbí irun dídì tó le jù lè mú orí pá. Tó bá jẹ́ fífà ni, ìtọ́jú wà. Láti ọdún 1973 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ti ń kọ́ni báyìí: kí ọmọ mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbéra, kó sì di ìkúùkù fún bí ìṣẹ́jú kan títí ó fi máa rọlẹ̀. Ní ìsọ̀ tiwa, ẹ fún un ní ẹ̀gúsí bó. Ó lè lọ kó tún padà. Ẹ ní sùúrù.

Tó bá ń gbé irun náà mì, ẹ tètè gbé e lọ sọ́sípítù. Irun kì í dà nínú. Ó lè dí ìfun, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n á fi yọ ọ́. Ẹ má sì bẹ̀rù Arò l'Abẹ́òkúta: kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀.

Ẹ̀yin onídìrí, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ń rí i. Ẹ má pariwo, ẹ má fi ọmọ ṣẹ̀sín. Ẹ rọra pe ìyá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àìsàn kì í gbọ́ ti pàṣán. Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ wa o.