ÌLERA EHORO INÚ ILÉ



Ẹni tí ó bá ń sin ehoro lẹ́yìnkùlé ní Idigny yìí mọ èrè rẹ̀. Ọjọ́ 31 péré ni abo ń gbé oyún, ó sì lè bí ọmọ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti ibẹ̀ ni a ti ń rí ẹran jẹ, tí a sì ń rí owó ìwé àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ehoro ti ń yára pọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń yára kú. Kì í ké bí ewúrẹ́ nígbà tí ara rẹ̀ kò bá dá. Ṣe ni yóò ká jọ sí igun kan, tí yóò sì dákẹ́. Ẹni tí kò bá wò ó ní àárọ̀ lè bá òkú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Nítorí náà, ojú wa ni oògùn àkọ́kọ́. Kí ọmọ tí a fi iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́ tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, kí òun àti òbí rẹ̀ jọ wò ó: Ṣé gbogbo wọn jẹun? Ṣé ìgbẹ́ wọn le, tí ó sì rí róbótó? Ṣé imú wọn gbẹ? Ṣé inú etí wọn mọ́? Èyí tí kò bá jẹun, kí a yà á sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí a bá rí ehoro tí ó ń jẹ ìgbẹ́ rẹ̀ tí ó rọ̀, kí ẹ má bẹ̀rù. Bí Ọlọ́run ti dá a nìyẹn, ó sì ń ṣe é lóore.

ÌGBẸ́ GBUURU. Ohun tí ó ń pa ọmọ ehoro jù lẹ́yìn tí a bá já a lẹ́nu ọmú ni àrùn tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní coccidiose. Inú rẹ̀ á wú, á máa ṣu gbuuru, á sì máa rù. Inú ìgbẹ́ ni irúgbìn àrùn náà wà, ṣùgbọ́n kì í lè ranni lọ́jọ́ tí ó bá jáde gan-an. Ó ní láti wà nínú ọ̀rinrin fún bí ọjọ́ kan tàbí méjì kí ó tó lè ran ẹlòmíràn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí gbígbá ilé ehoro lójoojúmọ́ fi ju oògùn lọ. Kí ìsàlẹ̀ ilé náà jẹ́ wáyà tàbí ọparun tí a là, kí ìgbẹ́ lè máa bọ́ sílẹ̀. Kí a má da koríko sórí ìgbẹ́, kí a sì jẹ́ kí koríko tí ìrì tàbí òjò pa gbẹ díẹ̀ kí a tó fún wọn. Bí àrùn náà bá ti wọlé, oògùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ dókítà ẹran, inú omi ni a sì ń pò ó sí.

ETÍ. Bí ehoro bá ń gbọn orí, tí ó ń fi ẹsẹ̀ họ etí, tí èépá sì kún inú rẹ̀, kòkòrò kéékèèké ni. Ẹ má fi ipá ṣí èépá náà, ó ń dun ún púpọ̀. Ẹ fi òróró rọ̀ ọ́. Dókítà ẹran lè gún un ní abẹ́rẹ́ ivermectine, kí ó sì tún un gún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

OÒGÙN ÈNÌYÀN. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tú hóró ampicilline tàbí amoxicilline sínú omi ehoro. Ó ń pa àwọn ohun tín-tìn-tín tí ń bá a da oúnjẹ nínú ìfun, ó sì lè pa ehoro tí ìbá yè.

ÀRÙN TÍ KÒ NÍ OÒGÙN. Ọ̀kan wà tí ó burú ju gbogbo wọn lọ. Ní ilẹ̀ Ṣáínà ni a ti kọ́kọ́ rí i ní ọdún 1984. Ó jà ní ilẹ̀ Benin wa ní ọdún 1995, ó sì jà ní ìpínlẹ̀ Kwara ní Nàìjíríà ní ọdún 2020. Ehoro tí ó jẹun yó lánàá lè kú lónìí, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ nímú. Kì í ran ènìyàn, ṣùgbọ́n bàtà wa, aṣọ wa, koríko àti eṣinṣin lè gbé e láti ilé dé ilé. Bí ehoro méjì tàbí mẹ́ta bá kú lójijì, kí a pe dókítà ẹran, kí a sun òkú wọn tàbí kí a sin ín jinlẹ̀, kí a fi omi javel fọ ilé wọn. Kí a má sì ra òmíràn wọlé kánkán.

Ibí yìí ni ẹ̀rí-ọkàn wa wọ̀ ọ́. Nígbà tí ikú bá ti wọ ilé ehoro wa, ó máa ń ṣe wá bíi kí a yára kó ìyókù lọ sí ọjà kí owó wa má bàa ṣòfò. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ gbé òfò rẹ̀ lé aládùúgbò rẹ̀ lórí, bóyá lé opó tí ehoro méjì péré ni gbogbo ọrọ̀ rẹ̀. Kí a fara mọ́ àdánù tiwa, kí a sì kìlọ̀ fún àwọn tí ó yí wa ká. Ìyẹn náà jẹ́ ìfẹ́ ọmọnìkejì.

Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín.