Ìdajì ọkọ̀ ogun, ìdajì pápákọ̀ òfurufú: èwo ló wúlò fún etíkun Ìlàjẹ?

Fọ́tò ọkọ̀ ogun tó gbé ìbọn ńlá síwájú, tó tún gbé bàálù sẹ́yìn, kì í pẹ́ tàn kálẹ̀ lórí Facebook àti WhatsApp. Òmíràn nínú wọn, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti yà á, orílẹ̀-èdè tó ni ín ò sì sí níbì kankan láyé. Ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé: "Irú èyí ló yẹ kí Nàìjíríà ní, káwọn olè ojú omi lè fi wá lọ́rùn sílẹ̀." Lójú tèmi, ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn dáa, ìdajì kejì ò dáa, etíkun Ìlàjẹ ló sì máa jẹ́ kẹ́ ẹ rí ìyàtọ̀ náà kedere.

Àwọn kan ti dán an wò rí. Lọ́dún 1942, Jàpáàn pàdánù ọkọ̀ agbébàálù 4 nínú ìjà Midway. Wọn ò ráyè kan tuntun, ni wọ́n bá mú ọkọ̀ ogun ńlá 2, Ise àti Hyuga, wọ́n yọ ìbọn tó wà lẹ́yìn wọn, wọ́n sì kọ́ ilé bàálù àti pèpéle kékeré síbẹ̀. Bàálù 22 ni wọ́n fẹ́ kó sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ kan á ta bàálù náà jáde bí ìgbà tọ́mọdé bá fi rọ́bà ta òkúta, àmọ́ pèpéle yẹn kúrú débi pé bàálù tó ń fi táyà balẹ̀ ò lè padà sórí ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa ja ìjà Leyte lóṣù October 1944, kò sí bàálù kankan lórí àwọn méjèèjì. Ìbọn ti dín kù, bàálù ò sì sí!

Físíìsì ló fa ìyẹn. Ọkọ̀ ń léfòó torí pé ó ti omi tó wúwo tó òun fúnra ẹ̀ kúrò lọ́nà. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń di ẹrù sí i tó, bẹ́ẹ̀ láá ṣe máa rì sísàlẹ̀ tó. Tẹ́ ẹ bá wá to ìbọn, mísáìlì àti ilé bàálù jọ sókè, á máa fì. Ẹni tó bá ti dìde dúró lójijì rí nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ò nílò tíṣà lórí èyí.

Sófíẹ́ẹ̀tì náà kan Kiev, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1975: ihò mísáìlì ńlá 8 níwájú, pèpéle bàálù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Cruiser ni wọ́n pè é. Ìdí ni pé Òkun Dúdú ni wọ́n ti kàn án, ojú omi ilẹ̀ Tọ́kì ló sì gbọ́dọ̀ gbà jáde, bẹ́ẹ̀ àdéhùn Montreux ti ọdún 1936 le mọ́ ọkọ̀ agbébàálù. (Ọgbọ́n wọn pọ̀, ẹ jẹ́ ká gbà fún wọn.) Bàálù Yak-38 tó wà lórí ẹ̀ lè gbéra láìsáré, ṣùgbọ́n tó bá débi tí oòrùn ti mú, agbára ẹ̀ á dín kù. Atẹ́gùn gbígbóná fúyẹ́ ju tútù lọ, èyí tí ẹ́ńjìnnì máa fi ti ara ẹ̀ sókè á sì kéré. Ẹ fìyẹn sọ́kàn, torí etíkun wa kì í tutù. Ní báyìí, Tianjin ní Ṣáínà ni Kiev wà, wọ́n ti sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́.

Ní tiwa ńkọ́? Láti Badagry dé Èkó, iyanrìn ló wà létí òkun. Tẹ́ ẹ bá dé Ìlàjẹ, ẹrẹ̀ ni. Etíkun ẹrẹ̀ Mahin làwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pè é. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, omi etí rẹ̀ ò jìn. Ọkọ̀ tó nílò omi tó jìn tó mítà 6 ò lè sún mọ́ Ayétòrò, inú ẹrẹ̀ ló máa jókòó sí.

Nàìjíríà sì ti ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀n tiwa: NNS Aradu, frigate tí Blohm + Voss kàn ní Hamburg, Jámánì, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1982. Gígùn ẹ̀ ju mítà 125 lọ. Ìbọn ńlá wà níwájú, mísáìlì Otomat wà lórí ẹ̀, ilé hẹlikópítà àti pèpéle rẹ̀ wà lẹ́yìn. "Àrá" ni orúkọ ẹ̀ túmọ̀ sí lédè Haúsá. Lọ́dún 2005, ó rìn dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ayẹyẹ ìjà Trafalgar tó pé 200 ọdún. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọdún ló ti wà ní ìso l'Ékòó, iṣẹ́ àtúnṣe ló mú un balẹ̀, kì í ṣe ọ̀tá. Lẹ́yìn ẹ̀, a ti gba NNS Thunder àti NNS Okpabana tí Amẹ́ríkà ti lò, a sì ra NNS Centenary àti NNS Unity láti Ṣáínà. Gbogbo wọn ló ní ibi tí hẹlikópítà lè bà sí.

Ìdajì tó dáa nìyẹn. Ọkọ̀ ńlá á dúró síbi omi jíjìn, hẹlikópítà ẹ̀ á wá bá wa létí ẹrẹ̀. Tí wọ́n bá já ẹ́ńjìnnì gbà lọ́wọ́ apẹja ní kìlómítà 40 sí ọkọ̀ náà, ọkọ̀ kékeré tó ń sá kìlómítà 40 ní wákàtí kan á lo odindi wákàtí kó tó débẹ̀. Hẹlikópítà tó ń fò ní 200 á débẹ̀ ní ìṣẹ́jú 12. Àwọn olè ò ní tíì rí ọ̀nà wọ inú igbó ẹ̀gbà. Kó tó wá mú wọn, ó ṣì nílò ọkọ̀ pẹlẹbẹ tó lè wọ odò tóóró, iṣẹ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi tó wà n'Ígbókọ̀dá nìyẹn.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ hẹlikópítà ò dùn létí gbogbo ọmọ Ìlàjẹ. Lóṣù May 1998, àwọn ọ̀dọ́ lọ fẹ̀hónú hàn níbi ìwapo Parabe ti Chevron láàárín òkun. Hẹlikópítà ló gbé àwọn agbófinró lọ bá wọn, ìbọn dún, èèyàn 2 kú. Ẹjọ́ náà dé San Francisco, ìgbìmọ̀ aráàlú tó gbọ́ ọ sì dá Chevron láre ní December 2008. Torí náà, ẹni tó ń pàṣẹ fún hẹlikópítà náà, àti ohun tó ní kó lọ ṣe, ṣe pàtàkì bí ẹ́ńjìnnì ẹ̀.

Òkun tó sì ń jẹ ilé ní Ayétòrò, kò sí ìbọn tó lè yìn ín. Owó ọkọ̀ agbébàálù kan ṣoṣo á dáàbò bo etíkun yẹn, á tún kù. Èmi kì í bèèrè ìgbà tá a máa ra ọkọ̀ abàmì. Ìbéèrè tèmi ni pé: lóṣù tó kọjá, wákàtí mélòó ni hẹlikópítà fi fò láti orí ọkọ̀ 4 tá a ti ní yẹn?