Katakata Àtijọ́ Kì í Ṣe Òkú Irin

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń gbé wa lọ́kàn láti ìgbà pípẹ́ wá, a sì rí i pé ó tọ́ kí a gbé e síwájú àwọn òǹkàwé wa, pàápàá jù lọ àwọn olùkọ́ àti àwọn tí ń fi tọkàntọkàn tẹ̀lé ẹgbẹ́ òṣèlú. Ọ̀rọ̀ náà ni ti katakata tí a fi ń tulẹ̀. Kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ pé ìjọba ń wọlé, ìjọba ń jáde, tuntun ni a máa ń rà nígbà gbogbo, tí a kì í sì í bi ara wa léèrè ibi tí èyí tí a rà lánàá wọlẹ̀ sí?

Ní nǹkan bí ọdún 1959 sí 1960 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dá àwọn oko ìtẹ̀dó sílẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jáde ilé-ìwé lè fi iṣẹ́ àgbẹ̀ jẹun. Orin-Èkìtì ní tirẹ̀ nínú wọn. Ní ọdún 1976, ìjọba ológun Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ kéde ètò bíbọ́ orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1980, ìjọba Alhaji Shehu Shagari gbé tirẹ̀ dé, ó pè é ní Ìyípadà Aláwọ̀ Ewé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fi katakata 2,000 tí a kó wá láti ilẹ̀ Belarus han aráyé ní Àbújá. Àwa kò bu ẹnu àtẹ́ lu ọ̀kankan nínú àwọn ètò wọ̀nyí, nítorí ẹni tí ó bá fẹ́ bọ́ ará ìlú kò ṣe ohun tí ó yẹ kí a bú u sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Ọkọ̀ àtúnṣe tí a kó pọ̀ mọ́ katakata 2,000 yẹn kò ju 12 lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìpínlẹ̀ tí a ní jẹ́ 36. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí ọ̀kan bá dá dúró nínú oko, tí ọkọ̀ àtúnṣe tí ó súnmọ́ ọn jù lọ sì wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn? Ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ náà ni yóò ṣẹlẹ̀: koríko yóò hù bò ó mọ́lẹ̀, ìpẹtà yóò sì jẹ ẹ́. Àwọn baba wa ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ó dà bí ẹni pé òwe yìí ni àwọn aláṣẹ wa sọ di òfin lórí ọ̀rọ̀ katakata.

Ohun kejì tí ó yẹ kí a wò ni ilẹ̀ tí ẹ̀rọ náà yóò tu. Ẹni tí ó bá ti rin agbègbè Ìjerò àti Odò-Ọwá, tí ó gba Àrámọ̀kọ títí dé Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, mọ̀ pé kì í ṣe asán ni a fi ń so orúkọ Èkìtì mọ́ òkìtì. Oko púpọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, wọn kò tóbi, ọ̀nà tí ó wọ inú wọn kò sì gba ju ẹni méjì lọ. Katakata ńlá kò lè dé irú ibẹ̀. Bí ó bá sì dé ibẹ̀, kò ní rí àyè yí padà. Nítorí náà ni a ṣe ń pe àkíyèsí yín sí katakata kékeré, alẹ́sẹ̀ méjì, èyí tí àgbẹ̀ ń di ọwọ́ rẹ̀ mú tí ó sì ń fi ẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé lẹ́yìn.

Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ohun tuntun lágbàáyé. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Benjamin Gravely, ará West Virginia ní Amẹ́ríkà, gba ìwé-àṣẹ lórí tirẹ̀ ní ọdún 1916. Jíà ni ó fi ń gbé agbára láti ara ẹ́ńjìnnì lọ sí ẹsẹ̀, kò fi bẹ́líìtì ṣe é. Nítorí bẹ́ẹ̀, àwọn tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960 ṣì ń tulẹ̀ dòní olónìí lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ràn àti máa tún ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe. Wọ́n tilẹ̀ ń so apá irin tí ó ní garawa eléyín lẹ́nu mọ́ ẹ̀rọ alẹ́sẹ̀ méjì báyìí, irú èyí tí a máa ń rí lẹ́yìn àwọn ẹ̀rọ ńlá tí ń la títì. Ọ́ìlì tí a tì gba inú rọ́bà ni í gbé apá náà sókè, gẹ́gẹ́ bí jáàkì ti í gbé mọ́tò. Ìwúlò rẹ̀ kò lóǹkà fún wa: a lè fi hú kùkùté, a lè fi gbẹ́ adágún ẹja, a sì lè fi la ojú omi ní àbàtà tí a ń gbin ìrẹsì sí.

Ẹnìkan lè wí pé àwa kò lè tún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe. Irọ́ ni. Ta ni kò mọ ẹ́ńjìnnì Lister tí ń lọ ata tí ó sì ń rin gàrí ní àwọn ìlú wa? Láti nǹkan bí ọdún 1930 ni wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀ ní Dursley ní Ìlú Òyìnbó, àwọn ará Íńdíà sì wò ó ṣe lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dàgbà ju ẹni tí ń fi wọ́n ṣiṣẹ́ lọ, síbẹ̀ wọn kò kú. Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n ní olówó, olówó wọn sì mọ̀ pé ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá dákẹ́ ni ebi wọlé. Àwọn mẹkáníìkì alùpùpù àti ti jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú kún àwọn ìlú wa. Iṣẹ́ tí katakata kékeré gbà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí tiwọn: kí a fọ ìpẹtà inú táńkì dànù, kí a tú kábúrétọ̀, kí a pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, kí a wò bóyá ríǹgì písítìnnì ṣì ń mú afẹ́fẹ́ dúró, kí a da ọ́ìlì tuntun sínú àpótí jíà. Ní ti abẹ tí ń tulẹ̀, alágbẹ̀dẹ wa lè fi irin sípírìn ọkọ̀ akẹ́rù rọ òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Bangladesh pẹ̀lú. Lẹ́yìn ìkún-omi ńlá ọdún 1988, nígbà tí màlúù tí wọ́n fi ń tulẹ̀ ti dín kù, ìjọba wọn ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún katakata kékeré láti ilẹ̀ Ṣáínà. Àgbẹ̀ kan a ra ọ̀kan, a máa fi tu ilẹ̀ tirẹ̀, a sì máa gba owó tu ti aládùúgbò. Àwọn oníṣẹ́-irin ní ìlú Bogura sì bẹ̀rẹ̀ sí rọ àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀. Lónìí, ẹ̀rọ ni ó ń tu èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú ilẹ̀ oko wọn. Kì í ṣe pé wọ́n lówó jù wá lọ. Ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ẹ̀rọ di òkú sí wọn lọ́rùn.

A kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Katakata kékeré ní ìyọnu tirẹ̀. Bí abẹ rẹ̀ bá fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 60, ẹni tí ó fi tu hẹ́kítà kan yóò rìn ju kìlómítà 16 lọ. Kùkùté a máa ṣẹ́ abẹ rẹ̀, koríko gígùn a sì máa lọ́ mọ́ ọn lára. Apá ìwalẹ̀ lè dojú ẹ̀rọ náà dé ní ẹ̀bá òkè bí a kò bá fi ẹsẹ̀ irin tì í lọ́tùn-ún lósì. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ògbólógbòó ni ó tọ́ kí a ná owó lé. Èyí tí irin ìyá rẹ̀ bá ti sán, ẹ jẹ́ kí a tú u fún ẹ̀yà ara. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kì í burú kí a fi í fún ẹkùn pa jẹ.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè kò le. Èkíní, kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ka gbogbo katakata tí ó dá dúró lábẹ́ wọn, ńlá àti kékeré, kí wọ́n sì tà wọ́n ní gbangba fún àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti àwọn àgbẹ̀ tí yóò tún wọn ṣe, kí wọ́n tó ra tuntun. Ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn láìjẹ́ ti ẹnìkan, ìpẹtà ni í jogún rẹ̀. Èkejì, bí wọ́n bá fẹ́ ra tuntun, kí wọ́n ra irú èyí tí ẹ̀yà ara rẹ̀ wà ní ọjà wa. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ ní ẹ́ńjìnnì àtijọ́ láti fi kọ́ àwọn ọmọ. Ibùdó ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Ìdófíàn nítòsí Ìlọrin, kò sì jìnnà ju ohun tí a lè rán olùkọ́ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọmọ tí ó bá tú ẹ́ńjìnnì kan palẹ̀, tí ó tò ó padà tí ó sì dún, kò ní gbàgbé ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà láéláé, kò sì ní bẹ̀rù ẹ̀rọ mọ́ títí ayé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ti ìjọba àti ti alátakò, ọ̀rọ̀ kù sọ́wọ́ yín. Nígbà tí wọ́n bá tún pè yín wá pàtẹ́wọ́ fún katakata tuntun, ẹ pàtẹ́wọ́, kò burú. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó jókòó, ẹ na ọwọ́ sókè, kí ẹ sì béèrè pé: mélòó nínú ti àtẹ̀yìnwá ni ó ń ṣiṣẹ́, ta ni yóò sì tún èyí ṣe? Aṣáájú tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí àgbẹ̀ dìbò fún.