Ìwé Tí A Rà Ní Ìtòkú Àti Àmì Abẹ́ Orúkọ Ọmọ Wa

Ẹ̀yin ará wa ní Gariki, ní Ogbete, ní Abakpa àti gbogbo ibi tí ọmọ Yorùbá ń gbé ní Enugu, àwọn tó ń bèèrè wa, ilé la lọ. A ti dé láyọ̀. A kí ìyá wa ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì ní ká kí gbogbo yín.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀nà náà kì í ṣe kékeré. Láti páàkì Gariki, ẹ máa gba Ọ̀nìṣà, ẹ máa sọdá Odò Ọya, ẹ máa gba Àsàbà àti Benin, ẹ máa dé Ọ̀rẹ̀, kí ẹ tó rí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Kí a tó délé, ẹ̀yìn ti gan bí igi. Ohun tí a tìtorí rẹ̀ lọ kò ju ká kí ìyá, ká ra aṣọ ẹbí ìgbéyàwó àbúrò wa, ká padà síbi iṣẹ́. A ò mọ̀ pé ìwé la máa rù bọ̀.

Ọjà àdìrẹ Ìtòkú, ẹni tó bá ti dé Abẹ́òkúta mọ̀ ọ́n. Ìyá wa dúró, wọ́n ń ná aṣọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ aláṣọ yẹn, ọmọbìnrin kan gbé tábìlì kékeré kan síta. Ìwé ló ń tà: jọ́tà, káàdì ìkíni, kàlẹ́ńdà orí tábìlì, ìwé tí èèyàn lè fi kọ ètò ọjọ́ rẹ̀. Kò sí iléeṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn rẹ̀ o. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ya àwòrán, òun ló ń gé bébà, òun ló ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ẹ̀yìn ìwé. Àjákù àdìrẹ tí àwọn aláṣọ gé kù ló fi bo páálí tó fi ṣe èèpo. Nígbà tí a ṣí i, a rí Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì. A rí Ṣẹ́rẹ́, Èrèlé, Ẹrẹ́nà, títí dé Ọ̀pẹ̀. Ó pé, àmì orí àti àmì abẹ́.

Ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí a bí sí Enugu níbí, mú ọ̀kan. Ọmọbìnrin náà bi í lórúkọ kó lè bá a kọ ọ́ sójú ìwé àkọ́kọ́. Ọmọ náà dáhùn. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó fi àmì sábẹ́ Ọ, ó fi òmíràn lé á lórí. Ọmọ wa wò ó, ó wojú wa, ó ní, "Mọ́mì, wọ́n ti ba orúkọ mi jẹ́. Kí ni dọ́ọ̀tì yẹn ń ṣe níbẹ̀?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ìyá wa nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Kò sẹ́ni tó bà á jẹ́ níbí. Ilé yín lẹ ti bà á jẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá, torí òótọ́ ni. Ọlá ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọmọ náà. Láti ọjọ́ tí a ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níléèwé la ti ń kọ "Ola", láìsí àmì kan ṣoṣo. Ta ló fẹ́ mọ̀ bóyá ọlá ni àbí ọ̀la? Ọmọ náà fúnra rẹ̀ kò mọ̀. A ṣe ìsọmọlórúkọ, a pe ẹbí, a se ìrẹsì, a gbàdúrà lé orúkọ náà lórí. Nígbà tó kan ká kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa, a ò kọ ọ́.

Ẹ wá wo ìlú tí èyí ti ṣẹlẹ̀ sí wa. Abẹ́òkúta yìí kan náà ni Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní oṣù December 1859, lédè Yorùbá. 120 owó ẹyọ ni wọ́n ń ta ẹyọ kan. Ìwé náà ń jáde títí di 1867. Ní 1875, wọ́n tún jókòó ìpàdé ní Èkó nítorí bí a ó ṣe máa kọ èdè wa sílẹ̀. Ọdún 1909 ni wọ́n rí èédú ní Enugu níbi tí a ń gbé yìí. Ẹ ṣírò ó: àádọ́ta ọdún ṣáájú èédú, àwọn baba wa ti ń fowó ra ìwé tí wọ́n fi èdè wọn kọ. Àwa tí a ní fóònù méjì-méjì lápò, orúkọ ọmọ ẹyọ kan la ò rí kọ.

Ẹ má jẹ́ ká rò pé iṣẹ́ ọmọbìnrin yẹn jẹ́ ohun tuntun tó ti òkè òkun wá. Ìyá àwọn aláàdìrẹ ti ń ṣe irú rẹ̀ tipẹ́. Ní 1935, nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lórí oyè, àwọn obìnrin wa wo àwòrán ọba àti ayaba tí wọ́n tẹ̀ jáde, wọ́n sọ ọ́ di àdìrẹ tí à ń pè ní Ọlọ́ba. Àwọn tó ń ya Ìbàdàndùn fi òpó Gbọ̀ngàn Mápó sínú aṣọ. Ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ ni wọ́n fi ń yà á. Ohun tí ojú wọn rí nínú ìlú ló ń bọ́ sára aṣọ wọn. Dísáínà ni wọ́n, bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin orí tábìlì yẹn kàn gbé e kúrò lára aṣọ, ó gbé e sórí ìwé.

Ibi tí ojú ti tì wá jù la fẹ́ sọ báyìí. Nígbà tí a gbọ́ iye tó ń ta ìwé kan, a ní ó wọ́n. Ọ̀kan nínú wa yọ fóònù, ó ya èèpo ìwé náà ní fọ́tò. A ti ń sọ ọ́ láàárín ara wa pé tí a bá dé Enugu, atẹ̀wé kan á bá wa ṣe irú rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú. Ọmọbìnrin náà kò bínú. Ó kàn ní, "Ẹ má bínú ma, ẹni kẹta tó máa ya fọ́tò lónìí nìyí. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ra ìwé."

A bi í pé kí ló dé tó fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ó ṣàlàyé. Ṣómólú ní Èkó ló ti ń ra bébà, ibẹ̀ ló sì ti ń tẹ inú ìwé. Ẹni tó bá mọ Èkó mọ̀ pé ilé àwọn atẹ̀wé ni Ṣómólú. Ẹ̀rọ ńlá kì í fẹ́ràn iṣẹ́ kékeré: pùléètì tí wọ́n máa fi tẹ àádọ́ta ìwé náà ni wọ́n máa fi tẹ ẹgbẹ̀rún, owó pùléètì kò yàtọ̀. Ẹni tó ń ṣe àádọ́ta ló máa pín owó náà lé àádọ́ta lórí. Bébà fúnra rẹ̀ ń kọ́? Ìjọba kọ́ iléeṣẹ́ bébà sí Jẹ́bà, sí Oku-Iboku, sí Ìwópin ní Ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa gan-an, síbẹ̀ òkèèrè la ṣì ń wò fún bébà títí dòní. Bí dọ́là bá ti gbéra, bébà náà á gbéra. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá jókòó, tí yóò fọwọ́ rán ìwé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

A pa fọ́tò náà rẹ́ lójú rẹ̀. A ra ìwé mẹ́fà.

Láti ìgbà tí a ti padà dé Gariki la ti ń bi ara wa léèrè pé kí ló ń ṣe wá níbí. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ìwé tí a fi ń kọ mínítì ìpàdé wa, Gẹ̀ẹ́sì ló kún inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Yorùbá la fi ń jà níbi ìpàdé. Kàlẹ́ńdà tí a ń pín ní ìparí ọdún, fọ́tò àwọn olóyè ló kún un, oṣù Yorùbá ò sí níbẹ̀. Káàdì ìgbéyàwó wa ló tún burú jù. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ máa rí i pé nígbà míì Ọ ní àmì lábẹ́, ṣùgbọ́n Ẹ àti Ṣ kò ní. Ṣé ẹ mọ ìdí rẹ̀? Àwọn Igbo tó gbà wá lálejò náà ń fi àmì sábẹ́ lẹ́tà wọn: ị, ọ, ụ. Láti 1961 ni wọ́n ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tí wọ́n ń pè ní Ọ́nwụ́. Nítorí náà atẹ̀wé ní Enugu mọ ọ dáadáa. Ẹ àti ṣ ni kò sí nínú èdè tirẹ̀. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́ rárá. Àwa la fi orúkọ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp láìní àmì. Ohun tí a fún un ló tẹ̀. Kíbọọ̀dù Yorùbá sì wà lórí fóònù wa lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá fẹ́ lè ṣí i kí ọbẹ̀ tó hó.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, "Ìwé olójú ewé 60 wà lọ́jà, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tó ń wá owó iléèwé, ṣé ìwé aláàdìrẹ ló kù tó máa rà?" Wọ́n ò purọ́. Nǹkan le, a mọ̀. A ò ní kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe ìwé iléèwé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí à ń pín níbi òde. Ike, abọ́, tówẹ́ẹ̀lì, àti jọ́tà tí èèpo rẹ̀ máa ń ya kí oṣù tó parí. A ti ń náwó náà tẹ́lẹ̀. Kí la ṣe kò lè ná ìdá kan nínú rẹ̀ lórí ohun tí ọmọ máa kọ nǹkan sí, tí yóò sì fi rántí ibi tó ti wá?

Àwọn mìíràn á ní Gẹ̀ẹ́sì lọmọ máa fi jẹun. Ó dára. Ṣebí àwọn aládùúgbò wa náà fẹ́ kí ọmọ wọn fi Gẹ̀ẹ́sì jẹun? Síbẹ̀ ẹ wo ara ògiri wọn: ọ̀pọ̀ kàlẹ́ńdà wọn ló ń kọ Eke, Orie, Afọ, Nkwọ sábẹ́ ọjọ́. Wọn ò torí Gẹ̀ẹ́sì gbàgbé ọjọ́ ọjà. Àwọn baba wa náà ka ọjọ́ mẹ́rin bíi tiwọn: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba orúkọ òrìṣà lára ògiri, kó fi ọjọ́ ọjà ìlú rẹ̀ sí i, kò sí ìjà ńbẹ̀. Kò sí kàlẹ́ńdà tó dára tó èyí tí ọmọ tí a bí sí Gariki á ti rí Nkwọ àti Ọjọ́bọ̀ lójú ewé kan ṣoṣo, torí ayé méjèèjì ló ń gbé.

Àbá tiwa rèé. Kí ẹgbẹ́ wa ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nílé bá wa ya kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀. Bí a bá pa owó pọ̀, tí iye rẹ̀ pọ̀, owó orí ọ̀kọ̀ọ̀kan á wálẹ̀, òun náà á sì jèrè. Ká sanwó iṣẹ́ rẹ̀, ká kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀, ká má ya fọ́tò rẹ̀ lọ fún ẹlòmíì. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ ká wo àwọn ọmọ tiwa níbí tó ń yàwòrán. Ẹ̀yìn ilé wa ni Nsukka wà, níbi tí Uche Okeke ti gbé àwòrán uli, tí àwọn obìnrin Igbo ń yà sára awọ àti ògiri, wọ inú yunifásítì lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Ọmọ Yorùbá tó dàgbà sí Enugu tó mọ àdìrẹ, tó sì ti rí uli, irú ìwé wo ni kò lè ṣe? Ó kù sọ́wọ́ àwa òbí ká má sọ fún un pé iṣẹ́ eré ni.

Ìwé mẹ́fà tí a rà, a ti pín márùn-ún. Ẹ̀kẹfà wà lọ́wọ́ ọmọ wa. Lánàá ó mú ìwé iléèwé rẹ̀ wá, ó ti fi bíró pupa tọ́ orúkọ rẹ̀ sí gbogbo èèpo wọn, àmì orí àti àmì abẹ́. Ó bi wá bóyá olùkọ́ rẹ̀ máa bínú. A ní tó bá bínú, àwa la máa lọ ṣàlàyé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ wo ìwé ọmọ yín lálẹ́ òní, kí ẹ sọ fún wa bí ẹ ṣe bá orúkọ rẹ̀ níbẹ̀.