Ẹni Tí Ń Díyelé Ilé

Ní Cook County, níbi tí ìlú Chicago wà ní Amẹ́ríkà, ìbò ni a fi ń yan ẹni tí ń díyelé ilé fún owó-orí, ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka ipò náà sí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2017, ìwé ìròyìn Chicago Tribune fi hàn pé iye tí wọ́n ń bù lé ilé àwọn tálákà pọ̀ jù, ti ọlọ́rọ̀ sì kéré sí bí ó ti yẹ. Òṣùwọ̀n èké ọjà gan-an nìyẹn! Ní oṣù kẹta ọdún 2018, Fritz Kaegi, tí kò du ipò rí, fìdí Joseph Berrios, tí ó tún jẹ́ alága ẹgbẹ́ Democrat níbẹ̀, rẹmi nínú ìdìbò abẹ́lé. Bí ẹ bá ní ọmọ tí ó ti gba ìwé ọmọ onílùú níbẹ̀, ẹ bi í bóyá ó máa ń tẹ̀ka dé ìsàlẹ̀ ìwé ìdìbò.